Ọṣẹ Dúdú Olóòórùn Dídùn

Ẹni tí ó bá ti fi odindi ọjọ́ kan ná ọjà ní Máìlì 12 l'Ékòó, láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò ata rodo, tí oòrùn pa á, tí eruku sì bò ó, yóò mọ̀ pé ìwẹ̀ alẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun náà ni yóò sì mọ iyì ọṣẹ dúdú, ọmọ eérú tí í lé ìdọ̀tí sá, tí àwọn ìyá wa ti ń fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè láti ayébáyé.

Èyí tí mo dán wò ni Dudu-Osun, tí ilé-iṣẹ́ Tropical Naturals ń ṣe, tí òrí, oyin, osùn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi lọ́fínńdà sí. Mo fi kànìnkànìn gbo ó. Adìẹ dúdú ló kúkú ń yé ẹyin funfun, ìhó ọṣẹ náà funfun, ó sì kúnná. Òórùn rẹ̀ borí òórùn ata lára mi pátápátá. Nígbà tí mo nura tán, awọ ara mi kò fà, kò sì há, àní kí n tó fi ìpara kankan kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ dijú o, nítorí ọṣẹ dúdú a máa ta ojú! Kò sì fẹ́ ibi tí omi wà: a máa yọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ máa lo ẹyọ kan, kí ẹ sì fi ìyókù sínú ike tí ó ní ìdérí.