Bí Ponting Ṣe Ń Fọ Fótò Nílẹ̀ Yìnyín

Herbert Ponting kì í sábà gbé kámẹ́rà rẹ̀ wọlé. Ìta ló ń fi í sí, nínú àpótí, ní Cape Evans ní Àńtákítíkà, níbi tí òun àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Captain Scott kó lọ ti lo ọdún 1911. Ẹni tó bá ti gbé ìgò omi jáde nínú fíríìjì lọ́sàn-án Ọ̀fà mọ ìdí rẹ̀: kíá ni ìgò á làágùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́ǹsì tútù ń ṣe tó bá pàdé ooru ilé. Tí wọ́n bá tún gbé e jáde, òógùn ọ̀hún á di yìnyín mọ́ ọn lójú. Àwọn gíláàsì tó ti ya fótò sí kò ṣeé fi síta títí láé, wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó ṣeé fọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú wọn bọ̀, kí òtútù ara wọn lè rọ̀ kó tó ṣí wọn.

Irin kámẹ́rà pàápàá léwu. Ahọ́n Ponting ṣèèṣì kàn án lọ́jọ́ kan, ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí, awọ ibẹ̀ sì bó.

Yàrá ìfọfótò rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn àti mẹ́fà ní ìbú lọ, inú rẹ̀ náà ló ń sùn. Yìnyín ni wọ́n ń yọ́ kí wọ́n tó rí omi. Lábẹ́ iná pupa, á ti gíláàsì bọ inú àwo oògùn, á máa mi àwo náà jẹ́jẹ́ kí oògùn má bàa dúró lójú kan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Á ṣàn án, á tì í sínú oògùn tí wọ́n ń pè ní háípò kí àwòrán lè dúró, lẹ́yìn náà á fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀. Háípò tó bá ṣẹ́ kù sára rẹ̀ á ba fótò jẹ́ tó bá yá. Bí omi ti ṣọ̀wọ́n tó níbẹ̀, mo mọyì fífọ̀ yẹn ju títẹ kámẹ́rà lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ooru ni ọ̀tá. Northcote Thomas, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ṣèwádìí àṣà nílẹ̀ Ẹdó lọ́dún 1909, gíláàsì ni òun náà lò. Jẹ́látìn tó gbé àwòrán dání máa ń rọ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì máa ṣí kúrò létí gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn onífótò ilẹ̀ olóoru fi ń fọ fótò lóru tàbí ní ìdájí, tí wọ́n ń gbé àwo oògùn jókòó sínú omi tútù, tí wọ́n sì ń fi álọ́ọ̀mù mú jẹ́látìn le.

Ponting kọ́ Scott àti Bowers, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Scott, ní fótò yíyà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1912, Scott àti àwọn mẹ́rin tó bá a dé Òpó Gúúsù tò síwájú kámẹ́rà, Bowers sì fa okùn tó so mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó dé ilé nínú wọn. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tó rí àgọ́ tí Scott, Wilson àti Bowers kú sí, tàwọn ti fíìmù. Frank Debenham ló fọ̀ ọ́ ní Cape Evans. Onímọ̀ òkúta ni, kì í ṣe onífótò. Fíìmù náà ti wà nínú òtútù fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ kò sì sí: ooru àpọ̀jù, oògùn àpọ̀jù, ìmọ́lẹ̀ fìrí, ó ti parí. Ó jáde kedere débi pé a rí okùn náà lọ́wọ́ Bowers.