Ojú Igi àti Etí Igi: Lámèyítọ́ lórí Igi Ìlù, Igi Ìbọn àti Igi Yíyan

Ìfáàrà

Ilẹ̀ Òwu tí ó wà ní agbègbè Ìkirè àti Apòmù, níbi tí Ararọ̀mí-Òwu wà, jẹ́ ilẹ̀ tí a kò lè pa ìtàn rẹ̀ kí a má dárúkọ ìbọn. Samuel Johnson, nínú ìwé The History of the Yorubas tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé aáwọ̀ ọjà Apòmù wà lára ohun tí ó fa Ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti pé ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú gbé wá sójú ogun ni apá àwọn Òwu, tí wọ́n gbójú lé àgẹ̀dẹ̀ǹgbé, kò ká. Ìlú Òwu tú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Orúkọ bíi Ararọ̀mí, tí ọ̀pọ̀ ìletò ń jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, fi ìfẹ́ sí ìfọ̀kànbalẹ̀ hàn.

Lóde òní, ìbọn àti ohun èlò orin tún pàdé lára igi. Ní ọjà àgbáyé, wọ́n ń wá igi aláràbarà, èyí tí ojú rẹ̀ ní ìlà àti ìgbì bí aṣọ àdìrẹ. Wọ́n á yan án nínú iná tí kò jó o, wọ́n á sì fi ṣe ìdìmú ìbọn ìléwọ́ tàbí gìtá. Ìbéèrè tí òwò yìí gbé dìde kan lámèyítọ́ ìlù Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n: kí ni a ń wò kí a tó sọ pé igi dára? Ṣé ojú rẹ̀ ni, àbí etí rẹ̀?

Igi tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀

Igi ọmọ̀, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní Cordia millenii, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù. Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàrin àwọn Àyàn pé igi tí ó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó yẹ fún ìlù tí yóò sọ̀rọ̀, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti ìgbà tí ó ti ń dàgbà. Lámèyítọ́ sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí àfiwé lásán, tàbí kí ó kà á sí ìtàn tí a fi ń yẹ́ ìlù sí. Àkọ́lé ìwé tí Amanda Villepastour ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2015, The Yorùbá God of Drumming: Transatlantic Perspectives on the Wood That Talks, fi igi síwájú, ó sì pè é ní ohun tí ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn Àyàn ti lọ ṣáájú ìyẹn. Kí igi tó sọ̀rọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n ni èyí jẹ́, a fi ń ṣa igi.

Ẹ̀rí tí ó hàn gbangba wà lára ìlù fúnra rẹ̀. Lára dùndún, ọṣán tí ó so awọ méjèèjì pọ̀ bo igi mọ́lẹ̀ yíká. Bákan náà ni okùn awọ ṣe gba ara bàtá kan. Bí ojú igi náà bá dára ju ti gbogbo igi inú igbó lọ, òǹwòran kò ní rí i. Ẹni tí ó bá ṣa igi fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò ṣà á fún ojú. Rowland Abiodun tẹnu mọ́ ọn nínú Yoruba Art and Language (2014) pé èdè Yorùbá ni ó yẹ kí a fi wo iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Bí a bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn, ọnà ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe sára nǹkan. Àràbarà tí a bá lára igi kò tíì di ọnà.

Ẹnìkan lè jiyàn pé awọ àti ọṣán ni ó ń gbé ohùn dùndún sókè sódò, pé ibi tí igi hù sí kò kan ohùn náà. Ìyẹn kò ṣeé sẹ́. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n àwọn Àyàn ṣe iṣẹ́ mìíràn. Igi ẹ̀bá ọ̀nà jẹ́ igi tí ará ìlú mọ̀. Wọ́n ti sinmi lábẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ rẹ̀, ojú wọn ni wọn yóò sì ṣe gé e. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jí gé.

Iná ń ṣiṣẹ́ fún ta ni?

Ní Finland ni wọ́n ti sọ igi yíyan di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n á fi oruru omi gbígbóná lé afẹ́fẹ́ kúrò, wọ́n á sì mú ooru dé nǹkan bí ìwọ̀n 160 sí 215 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Díẹ̀ lára èròjà inú igi yóò túká, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣú, kò sì ní máa fa omi mu bí i ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà kì í wú, kì í sì í sún kì bí i ti tẹ́lẹ̀, yálà òógùn ọwọ́ bá a tàbí ojú ọjọ́ yí padà. Ṣùgbọ́n ó máa ń di ohun tí ó tètè ń ṣẹ́. Àwọn tí ń ṣe gìtá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń wá ohùn igi tí ó ti gbó láìdúró de ọdún tí ó ń sọ igi di ògbó.

Kò yẹ kí lámèyítọ́ ka iná yìí sí àjèjì pátápátá. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ń ṣe balafon ti ń fi iná díẹ̀díẹ̀ yan igi Pterocarpus erinaceus kí wọ́n tó gé e sí ìwọ̀n. Balafon kan, Sosso-Bala ti Niagassola ní Guinea, wà lára ohun àjogúnbá tí UNESCO kéde ní 2001. Níbẹ̀, etí ni iná ń sìn: igi fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lù, ohùn rẹ̀ ni ó sì ń sọ bóyá ó ti gbẹ tó. Ní ti ìdìmú ìbọn, iná ń sìn ọwọ́ àti ojú. Kò sí ohun tí etí fẹ́ gbọ́ lára igi náà.

Igi tó tọ́ àti igi tó wọ́

Òwe ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Òwe yìí fi ibi ìsádi sílẹ̀ fún igi tó wọ́. Àràbarà sì sábà máa ń jẹyọ níbi tí igi kò bá dàgbà tààrà, níbi tí iṣan rẹ̀ bá ń lọ́ tàbí tí kókó bá yọ lára rẹ̀. Òwò igi aláràbarà ti gba ibi ìsádi yẹn: èyí tó wọ́ kì í pẹ́ nígbó mọ́. Ohun tí ojú fẹ́ tún máa ń yí padà. Ní Cameroon, nígbà tí ilé-iṣẹ́ gìtá Taylor àti alábàáṣe rẹ̀ ra ilé ìlagi ẹ́bónì kan ní 2011, wọ́n rí i pé àwọn agégi ń fi ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀ sílẹ̀ kí ó jẹrà, kìkì nítorí pé inú wọn kò dúdú tán. Ìlà tí ọjà kan ń wá lójú méjèèjì ni ọjà mìíràn kọ̀.

Ní ìpàdé CITES tí ó wáyé ní Panama ní 2022, wọ́n fi apá, ọ̀gànwó àti àwọn ẹ̀yà Pterocarpus ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìlànà òwò àgbáyé. Apá wà lára igi tí àwọn agbẹ́lù Yorùbá ń lò. Òfin náà yóò dí ọ̀nà díẹ̀ lára ohun tí ń jáde lọ. Kò lè sọ fún agbẹ́lù ibi tí yóò ti rí òmíràn.

Àgbálọgbábọ̀

Ògún ni ó ni àáké tí ó gé igi ìlù, òun náà ni ó ni ìbọn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ láàrin igi ìlù àti igi ìbọn kò sí lára irin tí ó kàn án. Ó wà nínú ohun tí a bi igi náà kí a tó gé e. Iṣẹ́ ń bẹ fún lámèyítọ́ níbí. Púpọ̀ nínú ìwádìí lórí dùndún àti bàtá ti kọ ohùn sílẹ̀, wọ́n ti tú ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ti fi wé ohùn èdè. Ó yẹ kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa kọ orúkọ igi sílẹ̀ pẹ̀lú, ibi tí ó hù sí, ẹni tí ó gé e àti bí wọ́n ṣe gbẹ ẹ́, kí àwọn agbẹ́lù tí ó mọ̀ ọ́n tó dàgbà kọjá ẹni tí a lè bi léèrè. Ọmọ̀ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko láàrin Ìkirè àti Apòmù yẹ nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlù tí wọn yóò fi gbẹ́.