Ìkòkò Aró ní Challenge, n'Ìbàdàn

Ayálégbé kan nílé wa kò fẹ́ràn òórùn aró. Láńdílọ́ọ̀dù ní kí n gbé ìkòkò mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n aró èlú tí kò bá rùn, kò tíì kan nìyẹn.

Ìbátan ẹ̀wà ni èlú, àmọ́ inú igbó ni tirẹ̀. Yóò lọ́ mọ́ igi, yóò gùn ún títí yóò fi bò ó lórí. Ewé rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, ẹ gún un lódó, kíá ló ti dúdú. A ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn. Èyí tó gbẹ la ń rẹ sínú omi eérú, nítorí omi eérú ló ń mú kí aró jáde lára ewé. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan. Kò sí ẹni tó lè kán an lójú.

Aṣọ funfun tẹ́ẹ́rú tí mo rà ní ọjà Gbági ni mo ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí. Nínú gbogbo ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdàndùn ni mo fẹ́ràn jù: àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ṣíbí láàárín wọn. Ta ló tún ń ya ìlú rẹ̀ sára ìró báyìí? Bí mo bá yàwòrán tán, tí mo rì í bọ aró, tí mo sì fa aṣọ náà yọ, àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú ẹni. Bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ yìí, aláró á dúró wò ó. Bí a bá ṣe ń rì í bọ inú aró tó ló ṣe máa dúdú tó.

Láti 1897 ni àwọn ará Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú sódà kọ́sítíìkì, ó dá ìjà sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ aró ní Abẹ́òkúta, débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. N kò bú ẹni tó ń lò ó. Oníbàárà tó fẹ́ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé kò lè dúró de èlú. Síbẹ̀, búlúù aró kẹ́míkà kò jinlẹ̀ lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣán igbó láti kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí èlú, ẹ pe aláró kó wá já ewé rẹ̀ kí katakata tó dé.