West African Pilot àti Ìròyìn Orí Òkun Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì

Ó rọrùn láti ka ìròyìn ogun inú àwọn ìwé ìròyìn Èkó sí àgbàsọ ọ̀rọ̀ Reuters. A kò gbà bẹ́ẹ̀ nípa West African Pilot, tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937.

Inú ọkọ̀ ogun, létí òkun Newfoundland, ni Churchill àti Roosevelt ti ṣe Àdéhùn Àtìláńtíìkì ní oṣù kẹjọ 1941. Ẹ̀ka kẹta rẹ̀ ní kí ènìyàn gbogbo máa yan irú ìjọba tí ó wù wọ́n. Attlee sọ fún ẹgbẹ́ WASU pé gbogbo ẹ̀yà ni ó kàn. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, Churchill ní ará Yúróòpù tí Jámánì ń jẹ gàba lé lórí ni òun ní lọ́kàn. Prince of Wales, ọkọ̀ tí ó gbé Churchill lọ, rì ní oṣù kejìlá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka kẹta kò bá a rì ní Èkó. Àdéhùn yìí gan-an ni Azikiwe fi ṣe àkọlé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1943.

Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Pilot ń sọ. Àgbẹ̀ abúlé bíi Dọ̀pẹ̀mú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá a kà, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.