Ìbéèrè nípa Ìrìn Àwọn Àgbàlagbà: Àríwísí lórí Ìwé Ìbéèrè NEWS

Ní 2003, Brian Saelens, James Sallis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwé ìbéèrè NEWS jáde ní Amẹ́ríkà, láti fi mọ bí ètò àdúgbò ṣe ń mú kí ènìyàn rìn tàbí kí ó má rìn. Ní 2016, Adewale Oyeyemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé NEWS-Africa jáde fún orílẹ̀-èdè méje. Nàìjíríà wà lára wọn, Bẹ̀nẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ bi àwọn àgbàlagbà Àjàṣẹ́ tàbí Kétu léèrè ní Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò.

Èkíní ni àdúgbò. NEWS kà á sí ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Nínú èdè wa, agbo-ilé àti àwọn ará ibẹ̀ ló ń pààlà àdúgbò, kì í ṣe aago. Bí orúnkún bá ń dun ìyá àgbà, àdúgbò inú ìwé á kéré sí i, àdúgbò tirẹ̀ kò ní yí padà.

Èkejì ni ohun tí Faransé ń pè ní trottoir. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ni yóò ní ó wà, nítorí kò sí ọ̀nà tí kò ní ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ zémi àti àtẹ ọjà lè ti gba ibẹ̀ tán.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: rìn. Rírìn kiri jẹ mọ́ aláìníṣẹ́. Àgbà kò ní fẹ́ kí a ka òun mọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, ohun tí a lọ ṣe ni a sábà máa ń sọ: "Mo lọ kí wọn", "Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí". Ìrìn wà nínú rẹ̀, a kò dárúkọ rẹ̀. Baba tó ń fẹsẹ̀ lọ kírun lójoojúmọ́ lè sọ pé òun kì í rìn.

A lè jiyàn pé bí èdè kọ̀ọ̀kan bá yí ìbéèrè padà, a kò ní lè fi ìlú wé ìlú mọ́. Òótọ́ ni pé ìfiwéra ni agbára NEWS. Ṣùgbọ́n títúmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Kò fi hàn pé ohun kan náà ni àwọn tí a bi gbọ́. Ó sàn kí a béèrè pé: "Lánàá, ibo lẹ dé? Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi lọ, àbí zémi?" Bí ìwé wa bá sọ pé àwọn àgbà kì í rìn, ta ni yóò fi ibòòji àti ìjókòó sí ojú ọ̀nà fún wọn?