Iná Ilé Oúnjẹ ní Ẹlẹ́yẹlé

Ilé oúnjẹ kan wà ní Ẹlẹ́yẹlé tí mo máa ń yà sí ní ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún tí a dá nígbà tí a sé Odò Ọ̀nà ní ọdún 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Àmàlà wọn rọ̀, gbẹ̀gìrì wọn kúnná. N kò bá ọbẹ̀ wọn jà. Iná wọn ni mo bá wí. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ojú omi sì ń pọ́n, ẹnì kan á tan iná, gbogbo ilé á sì funfun báláú bí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Epo tí ó yẹ kí ó máa dán lórí ọbẹ̀ á ṣú bí eérú. Fèrèsé á di dígí, ojú ara wa la ó sì máa wò níbi tí adágún wà tẹ́lẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ìyá tí ó ni ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: ‘Bọ̀ọ̀dá, gílóòbù yìí kì í jẹ owó, ilé á sì mọ́ tónítóní.’

Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí a bá tan 20 gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì fún wákàtí márùn-ún, yúnìtì 6 ni wọn yóò jẹ. LED oní-9 wáàtì, tí ó ń mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní í jẹ tó yúnìtì kan. Nígbà tí wọ́n sọ yúnìtì kan di ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ìyàtọ̀ náà ju ₦1,100 lọ ní alẹ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ kọ́ ni ó ń dín owó kù. LED oní-2,700 Kelvin, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ti fìtílà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná ju ti 6,500 lọ. Ti 6,500 kún fún àwọ̀ búlúù, bẹ́ẹ̀ pupa sì ni ata àti epo. Àwọ̀ tí kò bá pọ̀ nínú iná, ọbẹ̀ kò lè dá a padà fún ojú.

Ibi tí a gbé iná kọ́ tún burú jù ú lọ. Òkè àjà ni gbogbo rẹ̀ wà, bí ẹni pé òrùlé ni ó ń jẹun. Àwọn ìyá wa ní ọjà alẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé fìtílà rẹ̀ sí etí àtẹ, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sórí ọjà àti ọwọ́ ẹni tí ó ń tà á. (Èéfín kẹrosíìnì kò ṣe mí ní àárò rárá.) Òǹkọ̀wé ará Japan nì, Tanizaki, kọ àròkọ kan ní 1933 láti yin òjìji inú ilé, ó fi abọ́ dúdú àti ọbẹ̀ inú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Mo gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Àmàlà tiwa dúdú tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó sì ń jẹ ẹja gbọ́dọ̀ rí egungun.

Tábìlì 12 ni ó wà níbẹ̀. LED pupa rẹ́súrẹ́sú oní-5 wáàtì kọ̀ọ̀kan, tí a fi wáyà sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, kò ní í ju 60 wáàtì lọ: oúnjẹ gílóòbù àtijọ́ kan péré. Bátìrì kékeré lè gbé e bí iná bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ sì sinmi. Kí wọ́n fi iná funfun sílẹ̀ fún ilé ìdáná.

Ìyá náà gbà láti dán an wò lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nígbà tí mo tún débẹ̀, tọkọtaya kan ti jókòó tì í, wọ́n ń wo omi. Abẹ́ iná funfun ni mo ti jẹun.