Ikú Ẹfúnṣetán: Ohun tí Àwọn Ìwé Àlàyé Wa Kò Tú

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú àlàyé tí ó yẹ kí ó bá eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà rìn nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé àlàyé tí ó ti kọjá lọ́wọ́ mi ni ó ń tú ọ̀rọ̀ tí kò ta kókó, tí ó sì ń fi kókó tí ó wà nídìí ikú Ìyálóde sílẹ̀ láìtú.

Nínú eré, Látóòsà àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn ṣẹ́gun Ẹfúnṣetán, òun fúnra rẹ̀ sì gbé májèlé jẹ. Ikú yá ju ẹ̀sín ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921 yàtọ̀ pátápátá. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1874, ni Ààrẹ Látóòsà rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn tí a kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó ń bọ̀. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọlé, wọ́n sì pa á. Kúmúyìlò, ẹni tí ó fi ṣe ọmọ, ni a lò láti bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìwádìí, àwọn ẹrú náà ni a pa ní gbangba. Ààrẹ kò fara gbá nínú ìyà yẹn.

A kò fi èyí bá òǹkọ̀wé wí. Ìwà ìkà tí ó fi wọ Ẹfúnṣetán kì í ṣe àdábọwọ́ rẹ̀. Johnson pàápàá kọ ọ́ pé láti ìgbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyálóde bí ti kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860 ni ó ti ń fojú àwọn ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún rí màbo. Ohun tí ó tilẹ̀ wú mi lórí ni ti Ìtáwuyì. Nínú ìtàn, ẹrú dìtẹ̀, ó sì rí i ṣe. Nínú eré, ẹrú dìtẹ̀, kò bọ́ sí i. Ìṣọ̀lá gba ikú náà lọ́wọ́ ẹrú, ó fi lé Ìyálóde fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí buyì fún un, eré sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó fọ ọwọ́ Látóòsà mọ́.

Ẹ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá mú Julius Caesar dání, àlàyé inú ìwé wọn yóò sọ fún ọmọ pé gbọ̀ngàn tí Pompey kọ́ ni a ti gún Caesar pa ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, àti pé Shakespeare ni ó gbé e lọ sí Capitol. Ọmọ á mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, á sì mọ ohun tí òǹkọ̀wé fi ṣe. Ṣé ti Róòmù ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó má mọ ti Ìbàdàn?

Àwọn kan yóò ní lítíréṣọ̀ kì í ṣe ìtàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ kan ní kíláàsì mi, níhìn-ín ní àdúgbò Raji Rasaki Estate, kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Látóòsà ni ó ní kí wọ́n pa Ẹfúnṣetán. Ìyá rẹ̀ àgbà tí ó jẹ́ ará Ìbàdàn ni ó sọ ọ́ fún un. Ìlànà ìmáàkì ní òdo ni kí a fún un. Bí ìbéèrè bá sọ pé ‘nínú eré yìí’, òdo tọ́ sí i. Bí ó bá kàn béèrè pé ‘báwo ni Ẹfúnṣetán ṣe kú?’, ìbéèrè náà ni kò pé, kì í ṣe ọmọ.

Ojú ewé kan péré tó fún àlàyé tí mo ń sọ: ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn, òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, Kúmúyìlò, àti iṣẹ́ tí Ìyálóde ń ṣe nílùú, pàápàá bí ó ti ń kó ohun ìjà fún àwọn ológun láwìn. Ẹ̀yìn eré ni kí ó wà, kì í ṣe iwájú, kí ọmọ lè kọ́kọ́ rí májèlé náà kí ó tó mọ̀ nípa òkè àjà.